Ọ̀bẹ ulu láti Alaska: àárọ̀ tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ múra sí

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín. Ọmọ yín fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín lọ sí Alaska láti Seattle, ẹ sì fẹ́ ra ọ̀bẹ ulu bọ̀ wá sí Ìkòròdú fún àwọn ìyá tí ẹ jọ ń yan ẹja. Ẹnì kan wá sọ fún yín pé ọ̀bẹ kì í wọ ọkọ̀ òkun, pé kí ẹ má wulẹ̀ fowó ṣòfò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè rà á, ó sì máa délé. Ẹ̀pẹ́ níbí ni tiwa wà, wọ́n fi ń la ẹja lójoojúmọ́. Àmọ́ ibi tó ti ń bọ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ kì í ṣe inú ọkọ̀ òkun. Àárín ọkọ̀ òkun àti bàálù ni, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Fún àwọn tí kò mọ ulu: ọ̀bẹ àwọn obìnrin Inuit àti Yup'ik ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ ìhà ibẹ̀. Ojú rẹ̀ tẹ̀ roboto nísàlẹ̀, èèkù rẹ̀ sì wà lókè ojú ọ̀bẹ gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé agbára ọwọ́ yín ń bọ́ tààrà sórí ohun tí ẹ ń gé. Ẹja, ẹran, awọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi gé láti ayébáyé. Ní Juneau, Skagway àti Ketchikan, àwọn èbúté Alaska tí ọkọ̀ ń yà, ṣọ́ọ̀bù tí kò bá tà á ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ bá ti rà á tí ẹ ń padà wọ ọkọ̀, ẹrù yín máa gba inú ẹ̀rọ ayẹrùwò kọjá, wọ́n á sì rí i. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àyà yín já. Ẹ̀ṣọ́ á gbà á, á kọ orúkọ yín àti nọ́ńbà yàrá yín sílẹ̀, á já ìwé fún yín. Wọ́n bá yín tọ́jú ẹ̀ ni títí ìrìn àjò á fi parí, wọn ò gbẹ́sẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí bí ọ̀bẹ ṣe lè gùn tó, torí náà kí ọmọ yín ka ti iléeṣẹ́ tí ẹ máa wọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ìwé tí wọ́n bá já fún yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú ìwé ìrìnnà yín.

Wàyí o, ibi tí wàhálà wà nìyí. Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn, wọ́n á ní kí èrò gbé àpótí wọn síta ẹnu ọ̀nà yàrá, àwọn òṣìṣẹ́ á kó o lọ lóru. Ọ̀bẹ yín ńkọ́? Àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ bá ń jáde, ni wọ́n sábà máa ń dá a padà. Ọ̀bẹ dé ọwọ́ yín nígbà tí àpótí tó yẹ kó wọ̀ ti lọ. Báàgì ọwọ́ ló kù, báàgì ọwọ́ ò sì gbọ́dọ̀ gbé ọ̀bẹ wọ bàálù ní Amẹ́ríkà. Látìgbà tí wọ́n ti fi bàálù kọ lu New York àti Washington ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni ọ̀rọ̀ ti le bẹ́ẹ̀. Ní 2013, àjọ TSA tó ń yẹ èrò wò fẹ́ gba ọ̀bẹ kéékèèké láyè, àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù fárígá, TSA sì pa èrò náà tì. Ulu náà ò sì lè wọ bàálù nínú báàgì ọwọ́, bó ti wù kó kéré tó.

Tiwa tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò kan wà ní Seattle tí wọ́n fi ń kó àpótí èrò láti inú ọkọ̀ òkun lọ sínú bàálù tààrà, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́ títí ẹ máa fi balẹ̀ níbi tí ẹ ń lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára fún àgbàlagbà tí kò lè wọ́ ẹrù kiri. Ọmọ mi ti fi orúkọ wa sí i. A bi wọ́n léèrè nínú ọkọ̀ pé ìgbà wo la máa gba ọ̀bẹ wa, ẹni tó dá wa lóhùn ní alẹ́ ni, ká tó gbé àpótí síta. Alẹ́ lẹ́, ẹ̀ṣọ́ ní rárá, àárọ̀ ni, lẹ́nu àbájáde. Bí mo ṣe dúró sí èbúté Seattle nìyẹn tí ulu wà lọ́wọ́ mi nínú àpò bébà, tí àpótí wa sì ti gba ọ̀nà Houston lọ. Inú bí mi gan-an.

Báàgì kékeré tí mo gbé kọ́ èjìká ló yọ wá. A kó ohun tó ṣe pàtàkì jáde nínú ẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ìwé ìrìnnà, fóònù, owó. A tọrọ páálí lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta kọfí, a ká a ní ìlọ́po méjì yí ojú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, a fi téèpù dì í pinpin. Ní káńtà iléeṣẹ́ bàálù, a ní kí wọ́n gba báàgì náà bí ẹrù abẹ́ bàálù. Owó tí a san lé e ju owó ọ̀bẹ kan lọ, ṣùgbọ́n ó dé.

Nígbà tí a wá dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ èrò wò, ọkùnrin kan wà níwájú wa tó ra ulu pẹ̀lú abọ́ onígi rẹ̀, tí wọ́n bá a dì í bí ẹ̀bùn. Òṣìṣẹ́ ní kó yàn: kó padà lọ fi í sẹ́rù, tàbí kó fi í sílẹ̀. Bàálù ẹ̀ ti fẹ́ gbéra. Ó tú okùn ẹ̀bùn náà fúnra ẹ̀, ó mú abọ́, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n jù ú sínú àpótí ike kan, ó sì ró gbaganran lórí àwọn tó ti wà níbẹ̀. Mi ò mọ ọkùnrin náà rí, àmọ́ ó dùn mí fún un.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ má ṣe bá wọn wọ ètò àtọkọ̀-dé-bàálù yẹn. Kí ọmọ yín gbé àpótí kan jáde fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn. Wọ́n ń gba èrò tó bá lágbára láyè láti gbé ẹrù ara rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ẹrù ní èbúté, kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ẹ fi àyè ọ̀bẹ sílẹ̀ lókè pátápátá lábẹ́ ìdérí, kí ẹ má baà máa tú bùbá àti ìró síta lójú gbogbo ayé. Ẹ mú téèpù àti páálí dání láti ilé. Òfin ni pé kí ojú ọ̀bẹ wà ní bíbò nínú àpótí, kó má bàa ya ẹni tó ń gbé e tàbí tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́, ọ̀rá lásán ò sì tó. Ẹ má sì fi àgádágodo ọjà tì í, torí bí wọ́n bá fẹ́ wo inú ẹ̀, wọ́n á gé e. Àwọn kan wà tí TSA ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, irú ìyẹn ni kí ẹ rà.

Ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ràn fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ máa ń fi ọjà ránṣẹ́. Kí wọ́n fi sọ́wọ́ sí ilé ọmọ yín ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò ní bá ẹ̀ṣọ́ kankan fà á, ilé ni ẹ máa ti dì í sínú àpótí tó ń bọ̀ wá sí Èkó.

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Seattle máa ń yà ní Kánádà, Victoria lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí òfin Amẹ́ríkà kan láti ọdún 1886 tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kó èrò yípo àwọn èbúté tiwọn nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn, físà Kánádà pọn dandan, kí ti Amẹ́ríkà yín sì jẹ́ èyí tí ẹ lè fi padà wọlé. Ní ti ọ̀bẹ, Kánádà fòfin de èyí tó ń fò yọ bí a bá tẹ̀ ẹ́, àti ọ̀bẹ kúkúrú tí èèkù rẹ̀ dábùú ojú rẹ̀, tí wọ́n fi ń gún èèyàn, ṣùgbọ́n òfin náà dárúkọ ulu gan-an pé kò sí lára wọn. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ. Wọ́n mọ̀ pé irinṣẹ́ ìdáná ìyá àwọn èèyàn ni.

Èèkù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn kan fi eyín walrus ṣe é, ẹranko òkun ńlá tó ní eyín gígùn méjì. Òfin Amẹ́ríkà ti 1972 tó ń dáàbò bo ẹranko inú òkun gba àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska láyè láti fi ṣiṣẹ́ ọnà kí wọ́n sì tà á, torí náà rírà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mímú un kúrò ní Amẹ́ríkà ló ń fẹ́ ìwé àṣẹ, lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, ọkọ̀ yín sì máa ya Kánádà kó tó padà. Mo gbé ọ̀kan tó rẹwà wò ní Juneau, ó wọ̀ mí lọ́wọ́ rẹ́gí, mo sì dá a padà sórí àtẹ. Èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi tàbí ìwo caribou, irú àgbọ̀nrín ìhà ibẹ̀, ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ọmọ onílẹ̀ fọwọ́ ṣe lóòótọ́, ẹ wá àmì ọwọ́ fàdákà tí wọ́n ń pè ní Silver Hand. Àmì béárì òun ọmọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé Alaska ni wọ́n ti ṣe é. Èyí tí kò ní àmì kankan, ẹ béèrè dáadáa.

Bí ẹ bá gba London padà, tí àpótí sì ní lébẹ́ẹ̀lì Èkó láti Amẹ́ríkà, kò sí wàhálà. Bí ẹ bá máa sùn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní dídì nínú àpótí. Ẹ má gbé e sínú báàgì jáde sí ìgboro wọn. Ní Ìkẹjà, kọ́sítọ́ọ̀mù kan ṣí tiwa, ó bi mí pé kí lèyí, mo fi rìsíìtì hàn án, mo ní ọ̀bẹ ẹja ni. Ó ní kí n máa lọ.

Àǹtí mi tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ ni mo fún ní èyí tó tóbi jù. Ó di ẹja àrọ̀ mú ní ọrùn, ó gbé ọ̀bẹ lé ikùn rẹ̀, ó yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀, ikùn sì là gbọọrọ láì kan òróòro. Ìpẹ́ ẹpìyà náà ń bọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi gé orí ẹja dídì, ojú rẹ̀ á gé jẹ. Àdá kékeré ṣì ni fún ìyẹn. Èyí tí irin rẹ̀ kì í ṣe aláìdógùn-ún, ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́ kí ẹ sì fi òróró pa á, atẹ́gùn ọ̀sà ò ní fojúure wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ mú un lọ́wọ́ wò kí ẹ tó lọ, ẹ gba ọ̀nà Ìtóìkín wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bi ọmọ yín bóyá Seattle náà ni ọkọ̀ máa parí sí. Bó bá jẹ́ Vancouver ní Kánádà ni, ọ̀rọ̀ àpótí yàtọ̀ níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí kí n lè ṣàlàyé.