Igbákejì fún olùdíje ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré: ẹ mú ẹni tí kò ní já yín sílẹ̀

Ẹ ní olùdíje yín fẹ́ dupò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ kékeré, ọmọ Yorùbá sì ni. Ẹ ní èèyàn méjì ló wà níwájú yín fún igbákejì: ọ̀gá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ará Òkè Ọya, tí orúkọ rẹ̀ ń ró káàkiri, àti obìnrin kan láti ìpínlẹ̀ míì lókè ọ̀hún, tí kò tíì lókìkí ṣùgbọ́n tó ti ń bá ẹgbẹ́ yín ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ́ mọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ mú. Mo ti ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìpolongo fún irú olùdíje bẹ́ẹ̀ rí, ní ìdìbò 2023. Ohun tójú mi rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè ka ìbéèrè yín kí n sì dákẹ́.

Obìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ mú, bí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá pé, tí orúkọ rẹ̀ sì ṣọ̀kan lára gbogbo wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ ètò ìpolongo á ti máa sọ fún yín pé ẹni tó máa kó ìbò Òkè Ọya wá lẹ nílò. Àwọn kan ń gba owó gidi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa náà san án. Ìwé tí wọ́n kọ fún wa kún fún àwòrán aláràbarà tó ń fi hàn bí ìbò ṣe máa ya wọlé láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, kò sì sí ojú ìwé kan ṣoṣo níbẹ̀ tó béèrè bóyá ọkùnrin tí wọ́n ní ká mú yẹn á wà pẹ̀lú wa títí dọjọ́ ìdìbò.

Ẹ wo àwọn tó jù wá lọ. Lọ́dún 1979, Awólọ́wọ̀ mú Philip Umeadi, ọmọ Ìgbò láti Anambra. UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, gba Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Òǹdó àti Bendel. Anambra àti Imo tẹ̀ lé Azikiwe. Lọ́dún 2011, Buhari mú Pásítọ̀ Tunde Bakare, ọmọ Abẹ́òkúta, lábẹ́ ẹgbẹ́ CPC. Ìpínlẹ̀ 12 ló gbà, Òkè Ọya ni gbogbo wọn, kò rí ẹyọ kan gbà nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́dún 2023, Kwankwaso mú Bíṣọ́ọ̀bù Isaac Idahosa, ọmọ Edo, Kánò nìkan ló sì gbà. Peter Obi mú Datti Baba-Ahmed, ọmọ Kaduna, Atiku ló gba Kaduna. Gbogbo àwọn wọ̀nyí lówó ju ẹgbẹ́ yín lọ, wọ́n sì lérò lẹ́yìn. Bí igbákejì Awólọ́wọ̀ kò bá lè fa ìpínlẹ̀ tirẹ̀ wá, kí ni ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ fà wá fún yín?

N kò ní kẹ́ ẹ gbàgbé Òkè Ọya o. Ẹni tó bá máa di ààrẹ gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ wá ejẹ́ǹtì tó máa dúró fún yín ní ibùdó ìdìbò síbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ ńlá kan lórí pósítà kò ní bá yín ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ní ti òfin, kò pọ̀. Abala 142 nínú ìwé òfin 1999 ní olùdíje tí kò bá fa igbákejì kalẹ̀ látinú ẹgbẹ́ kan náà, kò tíì di olùdíje. Ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ààrẹ ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ igbákejì: ọmọ Nàìjíríà láti ìbí, ọmọ ọdún 35 ó kéré tán, ẹni tó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá. Ẹni tó bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti kúrò níbẹ̀ kó tó ku 30 ọjọ́ sí ìdìbò. Fọ́ọ̀mù EC9, ìwé tí olùdíje fi ń búra fún INEC lórí ìtàn ara rẹ̀, àti àwọn tó kù, ẹ mọ ìyẹn. Òfin a máa yí, torí náà ìlànà tí INEC bá gbé jáde fún ìdìbò tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má gbára lé èyí tí lọ́yà kan rántí.

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí n sọ dáadáa.

Ní Bayelsa, David Lyon ti wọlé ìdìbò gómínà lábẹ́ APC. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2020, tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n búra fún un, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé e. Òun fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Igbákejì rẹ̀, Biobarakuma Degi-Eremienyo, ni orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ síra lórí àwọn ìwé ẹ̀rí tó kó fún INEC. Ilé ẹjọ́ ní àwọn méjèèjì jọ dupò ni, pé bí ọ̀kan bá ṣubú, èkejì ti bá a lọ. Lọ́jọ́ kejì, Douye Diri ti PDP ni wọ́n búra fún.

Ìdájọ́ yìí ló gba oorun lójú mi. Ọkùnrin tí wọ́n ní ká mú, èèyàn ńlá ni. Nígbà tí ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ mi, orúkọ orí rẹ̀ kò bára mu. Lórí ìwé tó gbà ní girama, orúkọ tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Lórí ti yunifásítì, ó ti fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn fún ẹni tí kò bá dupò. Lórí ìwé ìfẹ̀yìntì, wọ́n ti gé ọ̀kan kúrò, wọ́n wá kọ òmíràn ní lẹ́tà kan ṣoṣo. Mo gbé e lọ fún lọ́yà ẹgbẹ́. Ó ní ẹnì kan náà ni, pé ìwé ìbúra kóòtù ti tó. Mo ní Bayelsa ńkọ́? Ó ní ti ibẹ̀ yẹn yàtọ̀. Mo ní báwo ló ṣe yàtọ̀? Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ akọ̀wé ti parí fún mi, wíwá ìwé kiri ló kù. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìwé girama rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́rìí sí i, wọn kò fèsì. A rán èèyàn lọ, wọ́n ní òjò ti ba rẹ́jísítà ọdún yẹn jẹ́. A tún padà lọ, wọ́n ní ọ̀gá ilé ìwé rìnrìn àjò, pé ẹlòmíì kò lè fọwọ́ sí i. Ibi tá a ti ń sáré kiri ni bàbá tí wọ́n ní ká mú yẹn fúnra rẹ̀ ti bínú. Ó ní ṣé irú ọmọ bíi tèmi ló fẹ́ máa bi òun bóyá òun lòun ni orúkọ òun? Kò gbé ìpè mi mọ́. Akọ̀wé rẹ̀ ni mo wá ń bá sọ̀rọ̀, òun náà á ní kí n fi nǹkan ránṣẹ́ kí òun tó wá ìwé. Gbogbo ìgbà yẹn, lọ́yà ń kọ ìwé owó wá, ti ìbúra lọ́tọ̀, ti ìmọ̀ràn lọ́tọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa ló wá pè wá lẹ́jọ́ níkẹyìn lórí bàbá yìí tá a ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún INEC, ẹni tí òun náà ti ń wá ipò igbákejì yẹn. Àwọn ọ̀tá ìta kò tiẹ̀ mọ̀ wá. Ọjọ́ 14 péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ gbé irú ẹjọ́ tó ṣáájú ìdìbò bẹ́ẹ̀ wá, ó ti kọjá ọjọ́ yẹn, ìdí tí kóòtù fi dà á nù nìyẹn. Kì í ṣe pé ìwé wa mọ́. Owó tá a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ejẹ́ǹtì ní ibùdó ìdìbò, ọwọ́ àwọn lọ́yà ló parí sí. Lọ́jọ́ ìdìbò, ní ọ̀pọ̀ ibùdó, kò sí ẹnì kankan tó dúró fún wa nígbà tí wọ́n ń ka ìbò.

Èyí tó dùn mí jù lẹ́yìn náà ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìdìbò kù dẹ̀dẹ̀, bàbá yìí gun orí pèpéle ẹgbẹ́ ńlá kan. Wọ́n dé e ní fìlà wọn, ó sì gbé ọwọ́ olùdíje wọn sókè. Àwọn ọmọ tó ń lẹ pósítà wa kiri, tí wọn kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, orí fóònù ni wọ́n ti rí i. Ọ̀kan nínú wọn pè mí, ó ní ṣé kí àwọn gé àwòrán bàbá kúrò lára èyí tó kù nílẹ̀ ni àbí kí àwọn lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò rí èsì fún un. Òfin ìdìbò 2022 ní olùdíje tó bá fẹ́ yọwọ́ gbọ́dọ̀ ti ṣe é kó tó ku 90 ọjọ́ sí ìdìbò, ọjọ́ yẹn sì ti lọ tipẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ elétò ìdìbò gẹ́gẹ́ bí igbákejì wa, ẹnu rẹ̀ sì ń polongo fún ẹlòmíì. Alága ẹgbẹ́ wa mọ̀ ṣáájú, kò sì sọ fún olùdíje.

Ẹ ṣọ́ alága yín. Alága ẹgbẹ́ kékeré mìíràn wà tó jẹ́ pé ipò igbákejì ni ọjà tó ń tà, ẹni tó bá lówó jù ló máa mú wá fún yín. Ẹ má sì fi alága fúnra rẹ̀ ṣe igbákejì. Ní ìdìbò 2019, Oby Ezekwesili dupò ààrẹ lábẹ́ ACPN, alága gbogbogbòò ẹgbẹ́ náà, Ganiyu Galadima, ni igbákejì rẹ̀. Nígbà tí ìyá yìí yọwọ́ ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ẹgbẹ́ kéde pé Buhari ni àwọn ń tì lẹ́yìn. Ẹni tó di ẹgbẹ́ mú lọ́wọ́ kan, tó tún di tíkẹ́ẹ̀tì mú lọ́wọ́ kejì, bí èdèkòyédè bá dé, kí lẹ fẹ́ fi bá a jà?

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi ẹnì kan di àyè mú ná, pé ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ tó bá yá, ẹ kọ̀. Lóòótọ́, Tinubu fi Kabiru Masari di àyè mú ní 2022 kí Shettima tó dé, Obi náà fi Doyin Okupe di tirẹ̀ mú kó tó kan Datti. Àwọn wọ̀nyẹn ní èèyàn tó lè sọ fún ẹni náà pé ó tó àkókò, kó dìde. Lábẹ́ òfin 2022 tí wọ́n fi ṣe ìdìbò 2023, ẹni tó bá fẹ́ yọwọ́ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹgbẹ́. Bó bá ní òun kò kọ, tàbí pé kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó kọ, ó ti dì yín mú nìyẹn.

Àwọn kan á tún sọ pé Òkè Ọya kò ní dìbò fún tíkẹ́ẹ̀tì tí obìnrin wà lórí rẹ̀. Aminu Kano tó jẹ́ ọmọ Kánò pọ́nńbélé mú Bola Ogunbo, obìnrin, ṣe igbákejì fún ìdìbò ààrẹ 1983, kó tó di pé ikú mú un lọ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn.

Nítorí obìnrin ni, ibì kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ṣé ó ti lọ́kọ? Bó bá ti lọ́kọ, orúkọ bàbá rẹ̀ ló máa wà lórí ìwé girama, orúkọ ọkọ lè wà lórí káàdì ìdìbò àti ìwé ẹgbẹ́. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀, ojúlówó, àti ìwé ìròyìn tó fi kéde àyípadà orúkọ. Bí kò bá kéde rí, kó kéde báyìí, kí orúkọ àtijọ́ àti tuntun jáde níbẹ̀ lẹ́tà fún lẹ́tà bó ṣe wà lórí ìwé rẹ̀. Àwọn orúkọ Òkè Ọya, ẹ wò ó dáadáa: Aisha àti Aishatu, Mohammed àti Muhammad. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì kan, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí bá yín kà á sókè. Kẹ́ ẹ sì gbé e lọ fún lọ́yà tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́.