Kí ẹ tó ra láìnì àdáni láàárín AWS àti Azure

Ọ̀gá mi, ẹ ní database yín wà lórí AWS (cloud ti Amazon), app tó ń lò ó wà lórí Azure (cloud ti Microsoft), strongSwan tí ẹ fúnra yín gbé kalẹ̀, ìyẹn ètò VPN tó ń la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló so wọ́n pọ̀. Ping ń lọ geerege, àmọ́ bí iṣẹ́ gidi bá dé, gbogbo rẹ̀ a dúró gbagidi. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ra Direct Connect àti ExpressRoute, ìyẹn láìnì àdáni ti AWS àti ti Azure. Ẹ má tíì náwó yẹn. Àìsàn yìí ti gba oorun lójú mi rí, kì í sì í ṣe pé ọ̀nà kò fẹ̀ tó ló ń fà á.

MTU, ìyẹn bí packet (ègé dátà) ṣe lè tóbi tó lójú ọ̀nà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ping lásán kéré, kò síbi tí kò lè gbà kọjá. Packet tó kún dé 1500 bytes ló máa ń há, nítorí IPsec, èyí tí strongSwan fi ń ṣe encryption (fífi dátà pamọ́), ń di ẹrù tirẹ̀ lé e lórí. Ó yẹ kí ICMP (iṣẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń rán síra wọn) padà wá sọ fún sáfà pé kó dín in kù, ṣùgbọ́n ẹnìkan ti dí ICMP pa lórí firewall, ó ní ààbò ni. TCP, ìyẹn ìsopọ̀ náà, á ṣí, TLS tó ń dáàbò bò ó á bẹ̀rẹ̀, sáfà á fi certificate ránṣẹ́, certificate ò ní dé. Lọ́dọ̀ wa, query tó ń mú ìlà kan jáde máa ń dáhùn wéré. Èyí tó ń mú ẹgbẹ̀rún ìlà jáde á dákẹ́ títí timeout á fi dé. Àwọn tó ń bójú tó database ni gbogbo ènìyàn ń bá wí, wọn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Lórí Linux, ẹ ta ping -M do -s 1472 sí sáfà tó wà lódìkejì. Bí kò bá lọ, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ, kí ẹ wá fi 28 kún iye náà: MTU ojú ọ̀nà yín nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ fi iptables (firewall inú Linux) dín MSS, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí packet TCP kan ń gbé, kù lórí ẹ̀rọ strongSwan yẹn. 1350 ni mo máa ń lò.

Bí ẹ bá tún èyí ṣe tó ṣì ń falẹ̀, ẹ wo ibi tí region méjèèjì (àgbègbè tí àwọn sáfà yín wà) wà. Nínú fiber, ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200 km láàárín millisecond kan, nítorí náà 1,000 km yóò jẹ 10 ms lálọ àti àbọ̀, kò sì sí owó tí ẹ lè san tó máa pa á rẹ́. Títì fífẹ̀ kì í mú ìlú súnmọ́ ìlú. us-east-1 ti AWS àti East US ti Azure wà ní Virginia méjèèjì. Irú ìyẹn dáa. App tó ń bi database ní ìbéèrè ní ìgbà igba kó tó ṣí ojú ewé kan, ẹ tún kóòdù rẹ̀ kọ.

Ìgbà tí láìnì àdáni wúlò ni ìgbà tí dátà pọ̀ gan-an, tí 1.25 Gbps tí tunnel VPN ti AWS kan sábà ń gbé kò tó mọ́, tàbí tí owó dátà tó ń jáde gba íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n Direct Connect kì í bá ExpressRoute pàdé fúnra rẹ̀. Router kan ní láti wà láàárín wọn, yálà tiyín nínú ilé dátà, tàbí èyí tí ẹ háyà lọ́wọ́ irú ilé-iṣẹ́ bíi Megaport. Pé ó jẹ́ àdáni kò sì sọ pé wọ́n ti fi encryption bò ó. Ẹ̀yin lẹ máa fi MACsec (encryption lórí láìnì náà gan-an) tàbí IPsec sí i.

Àdírẹ́sì ló tún ń dójú ti ènìyàn. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti mú 10.0.0.0/16 kan náà, NAT (pípààrọ̀ àdírẹ́sì lójú ọ̀nà) á kó yín yọ lónìí, á sì dà yín láàmú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ka log. Private VIF ti AWS, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí Direct Connect ń gbà wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, kì í gbà ju 100 route (ìtọ́ka ọ̀nà sí àwọn àdírẹ́sì) lọ láti ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá lé ẹyọ kan péré, BGP tí àwọn router fi ń sọ route fún ara wọn á já, gbogbo ojú ọ̀nà á kú pátá, kì í ṣe èyí tó lé nìkan. Mo ti rí i kí ẹnìkan fi VNet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Azure) tuntun kún un lọ́sàn-án gangan, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí router àárín yẹn kó àwọn route náà pọ̀ di díẹ̀ kó tó fi wọ́n ránṣẹ́.

Bí ẹ bá sì padà rà á, ẹ má tú VPN palẹ̀, ẹ fi ṣe adelé. Bí prefix (àkójọ àdírẹ́sì) tó gba ọ̀nà méjèèjì wá bá dọ́gba lórí virtual private gateway, ìyẹn ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín lórí AWS, AWS á mú Direct Connect ṣáájú VPN. Ẹ rí i dájú pé Azure náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí bí àlọ bá gba ibì kan tí àbọ̀ gba ibòmíràn, firewall tí kò rí ìbẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ náà yóò kàn ju packet yín nù ni, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.