Áńténà tó ń gba "300 máìlì": èwo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Apẹ̀tẹ̀ ní Ìbàdàn la wà. Mo rí áńténà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń polówó lórí Facebook. Wọ́n ní inú pálọ̀ lèèyàn máa gbé e sí, pé ó ń gba 300 máìlì, pé 4K ni (ìyẹn àwòrán tó dán gan-an), pé ó sì máa ṣí gbogbo ìkànnì DStv láìsan kọ́bọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ 120 máìlì, owó tiẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èwo ni kí n rà fún màmá mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ má torí nọ́ńbà ara páálí ra ìkankan nínú méjèèjì. Mo lè dúró síbẹ̀ yẹn, àmọ́ irú ìbéèrè yìí ti wá pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé DStv kúrò ńlẹ̀. Orí sátẹ́láìtì tó fi bíi 36,000 kìlómítà ga ju ilẹ̀ lọ ló ti ń wá. Díìṣì tó kọjú sójú ọ̀run ló ń gbà á, kì í ṣe ohun pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ páànù. GOtv ló ń gba orí òpó ilẹ̀ wá, áńténà lè gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í pa. Láìsí díkódà àti owó oṣù, kò ní ṣí. Kéèyàn gbà á yàtọ̀ sí kó ṣí. Ẹni tó bá ní áńténà òun ń ṣí i, ẹ má jẹ́ kó gbowó yín.

Ó wá ku máìlì. Láti Ìbàdàn dé Abuja, bí ẹyẹ ṣe ń fò ó, kò tó 300 máìlì. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ, màmá máa jókòó sí Apẹ̀tẹ̀, á máa wo stéṣọ̀n Abuja, ti Ìlọrin, ti Benin àti ti Cotonou. Ẹ ti rí ilé kan tó ń rí bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yín rí?

Ìgbì tẹlifíṣọ̀n ń rìn tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ ayé sì rí roboto. Tó bá rìn jìnnà tán, ilẹ̀ á ti tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀, orí òrùlé yín ló máa gbà kọjá. Ká ní òpó stéṣọ̀n ga tó 200 mítà, tí áńténà yín sì wà lórí tábìlì, kò ju bíi 60 kìlómítà ó lé díẹ̀ lọ tí ilẹ̀ á fi bo ọ̀kan mọ́ èkejì lójú. Bíi 40 máìlì nìyẹn, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú o, Ìbàdàn tí òkè kún inú ẹ̀ kọ́. (Nígbà mìíràn, pàápàá lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ lè tẹ ìgbì náà kó rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ ó ṣàdédé rí stéṣọ̀n ibi jíjìn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ẹ lè máà rí i mọ́.)

Áńténà kì í fa nǹkan wá. Garawa tí ẹ gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni. Garawa tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ á gbomi ju kékeré lọ, àmọ́ tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé garawa òun ń gba òjò tó ń rọ̀ ní Ṣakí, ẹ ẹ̀ ní dúró gbọ́ iye tó ń tà á. Agbára stéṣọ̀n, gíga òpó, òkè àti ògiri tó wà láàárín, àwọn ló ń pinnu ohun tí ẹ máa rí. Ta ló wọn ògiri ilé yín kó tó tẹ páálí? Ti 4K náà ńkọ́? Stéṣọ̀n ló ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dán tó. Garawa kì í sọ omi òjò di omi inú ìgò.

Búsítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé agbára ohun tí áńténà gbà sókè, tí wọ́n máa ń fi kún un, wúlò bí wáyà bá gùn tàbí tí ẹ pín in sí tẹlifíṣọ̀n méjì. Bí ohun tó wọlé bá ti kún fún ariwo (ìdàrúdàpọ̀ tó ń ba àwòrán jẹ́) tẹ́lẹ̀, ariwo yẹn náà ló máa gbé sókè. Tí stéṣọ̀n bá wá sún mọ́ yín jù, ó tiẹ̀ lè ba àwòrán jẹ́.

Ẹ bi aládùúgbò tí ògiri yín jọ pààlà ohun tó ń rí àti ohun tó fi ń gbà á, kí ẹ tó náwó. Tó bá ṣe é yá, ẹ yá tiẹ̀ wò. NTA Ìbàdàn tó wà lórí ìkànnì 7, ìgbì rẹ̀ gùn tó mítà kan ààbọ̀. Torí gígùn yẹn, áńténà onírin méjì tí à ń fà gùn láyé àtijọ́ sábà máa ń gbà á ju pẹlẹbẹ ìgbàlódé lọ. Ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó ni kí ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí irin fèrèsé. Tí ẹ bá ń lo díkódà, ẹ tún ìkànnì wá lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i.

Tó bá jẹ́ tèmi ni, owó 300 máìlì yẹn, mo máa fi ra áńténà ìta àti páìpù tí yóò gbé e ga. N kò rí ilé yín, n kò lè ṣe onídùúró ohun tí ẹ máa rí. Ẹ má ṣe gun òrùlé fúnra yín, pàápàá tí wáyà iná bá kọjá nítòsí. Ẹ pe ẹni tó ń ṣe é jẹun. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, bóyá á gbà á padà tí kò bá ṣiṣẹ́.