Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ṣe É Bí Wọ́n Ṣe Mọ̀ Ọ́n Ṣe

Ẹ̀gbọ́n mi tó kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú àfaradà.

Kí àwọn yòókù lè bá wa lọ: ìyá ẹni ọdún 56 yìí ń ta gàrí ní Òkè-Àjẹ, òun náà sì ni akápò ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun kò bá fọwọ́ ara òun ṣe, ọkàn òun kì í balẹ̀ sí i. Òun ló ń darí télọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ nítorí Ojúde Ọba, òun ló ń sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn ìgbà tí yóò wẹ ọmọ ọwọ́. Ní báyìí, ọmọ rẹ̀ kì í tètè gbé fóònù mọ́, àwọn ẹgbẹ́ ń kùn, oorun sì ń dá lójú rẹ̀ ní aago méjì òru. Ó wá bi mí pé: "Ṣé kí n jókòó kí n máa wò wọ́n kí wọ́n ba nǹkan jẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni mo dúró sí. Ẹ ní ọmọ ọdún 14 ni yín nígbà tí ìyá yín kú, ẹ̀yin lẹ sì tọ́ àwọn àbúrò yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọmọ tó ti ń ronú oúnjẹ alẹ́ ẹni mẹ́rin kó tó mọ gèlè wé, yóò gbà pé bí òun bá sùn, ilé yóò dàrú. Nígbà náà, òótọ́ ni. Ìṣọ́ra yín ló gbà wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é níwà burúkú fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò yẹn ti di bàbá, wọ́n ti di ìyá. Ẹ̀rù ọjọ́ náà nìkan ni kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti dàgbà.

Ẹ wo Ojúde Ọba tí ẹ ń torí rẹ̀ sá sókè sódò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, oṣù tó bá lé ló sì ń sọ ọjọ́ Iléyá. Kò sí ẹgbẹ́ tó lówó tó, kò sí ìdílé balógun tó lẹ́ṣin tó, tó lè pàṣẹ fún oṣù. Síbẹ̀ a ń ra aṣọ, a ń sanwó onílù sílẹ̀, a sì ń dúró. Irú ìmúrasílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ fún yín, kì í ṣe ìjókòó lásán tí ẹ ń bẹ̀rù.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ télọ̀ fún igbákejì yín pátápátá, kí ẹ má sì pè é lálẹ́ láti béèrè ibi tó bá a dé. Bí ọrùn aṣọ bá rí gbàgà, ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Yóò ni yín lára gan-an. Ìgbà tí ọjọ́ náà bá kọjá tí nǹkan kan kò wó ni àyà yín yóò gbà gbọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tèmi kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí ẹ bá jí lóru, ẹ fi fóònù sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ń jà lọ́kàn yín sínú ìwé, kí ẹ wá rọra máa mí, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Àyà tó ń lù kìkì tí ẹ mẹ́nu bà yẹn ńkọ́? Ẹ lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò nílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ti ìyàwó ọmọ yín ló ká mi lára jù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọ̀dọ́bìnrin yẹn ló mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ẹ ní ṣé kí ẹ kàn yọ sí wọn n'Íbàdàn ní Sátidé. Rárá o. Ẹ pè é, kí ẹ ní, "Ìyàwó mi, kí lo fẹ́ kí n bá ọ ṣe?" kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn. Bó bá ní òun kò tíì fẹ́ àlejò, ẹ fi gàrí ránṣẹ́ láti gáréèjì. Bó bá ní kí ẹ máa bọ̀, ẹ bá a fọ ìlédìí ọmọ, kí ẹ sì ká a síbi tí òun fúnra rẹ̀ ń ká a sí.