Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Òdòdó nínú ìtànṣán ultraviolet

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ti yọ gíláàsì tó ń dènà ultraviolet àti infrared, àwọn ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí, kúrò lójú sensọ̀ kámẹ́rà mi, mo sì ra fíltà tó ń jẹ́ kí ultraviolet kọjá. Mo ya sunflower létí òkun níbí. Gbogbo ewé ló funfun bí òwú, àárín òdòdó náà kò sì ṣú bó ṣe máa ń ṣú nínú àwòrán àwọn ẹlòmíì. Kí ló fà á? Òǹkàwé, Àgbádárìgì.*

Ewé funfun yẹn ti sọ ọ́. Infrared ló wọ inú àwòrán yín. Ewé tútù máa ń dá infrared padà gan-an, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ultraviolet mì, nítorí náà nínú àwòrán ultraviolet tòótọ́, ewé gbọdọ̀ dúdú. Bí ewé bá ti funfun, ẹ má tíì gba ohunkóhun tí òdòdó náà bá fi hàn gbọ́.

Gíláàsì dúdú UG11 tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíltà olówó pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí ultraviolet kọjá, àmọ́ ó tún ń jò nítòsí 720 nanómítà, ìyẹn ní apá infrared, sensọ̀ tí a ti yọ adènà rẹ̀ sì ń rí ibẹ̀ ju bó ṣe ń rí ultraviolet lọ. Kí ẹ tó náwó, ẹ dán an wò: ẹ ya òdòdó náà, kí ẹ wá fi fíltà infrared 720 lé èyí tí ẹ ní, kí ẹ tún un yà láìyí ISO (bí sensọ̀ ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó) tàbí àkókò padà. Fíltà kejì yìí kì í jẹ́ kí ultraviolet kọjá rárá. Bí àwòrán bá ṣì yọ, jíjò ni. Gíláàsì S8612, tó ń dá infrared dúró, tó nípọn tó mìlímítà 2 ni ẹ ó fi kún fíltà ultraviolet yín.

Ẹ yẹ lẹ́ǹsì náà wò. Àwọn lẹ́ǹsì ìgbàlódé tí gíláàsì inú wọn pọ̀, tí wọ́n sì kùn lára, ń dá ultraviolet dúró. Àwọn àtijọ́ tí kò díjú ló dára, irú EL-Nikkor 80mm f/5.6 onírin tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò ńlá láyé fíìmù.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ yà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f/8, ISO 800, ìṣẹ́jú àáyá kan, kí kámẹ́rà wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Atẹ́gùn òkun ni yóò da iṣẹ́ yín rú: ẹ gé òdòdó náà, ẹ fi í sínú ìgò omi, kí ẹ fi páálí gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fíltà náà ṣókùnkùn, torí náà ojú ìwòran tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni kí ẹ máa wò bí ẹ ṣe ń yí lẹ́ǹsì kí àwòrán lè mọ́ gaara lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í sí i; ibi tó mọ́ gaara fún ojú lásán kọ́ ni yóò mọ́ fún ultraviolet.

Láti tún àwọ̀ ṣe, téèpù funfun tí plọ́ńbà ń wé sẹ́nu páìpù ni kí ẹ lò, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mélòó kan. Bébà funfun kò ṣeé lò, torí èròjà tí wọ́n fi ń mú kó tàn máa ń gbé ultraviolet mì.

Bó bá bọ́ sí i, orí àwọn ewé òdòdó tó yí sunflower ká yóò mọ́lẹ̀, ìdí wọn yóò ṣú. Èròjà flavonol, tó ń gbé ultraviolet mì, ló ń ṣe é. Ó dùn mọ́ wa púpọ̀ pé òdòdó tí a rí ní àwọ̀ kan ṣoṣo ní àmì ńlá lára fún oyin, tó ń rí ultraviolet, búlúù àti àwọ̀ ewé, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí pupa.

*Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń yẹ owó wò lè ṣe iṣẹ́ yìí lálẹ́? Òǹkàwé, Ẹ̀pẹ́.*

Kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Ohun tí ojú yín máa rí lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì yẹn ni ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan fúnra rẹ̀ ń tú jáde nígbà tí ultraviolet bá kàn án, kì í ṣe ultraviolet tó dá padà. Àkéekèé ni kí ẹ fi wá: ara rẹ̀ ń tàn bíi búlúù aláwọ̀ ewé nínú òkùnkùn, yálà lábẹ́ pákó tàbí nínú bàtà. Tọ́ọ̀ṣì 365 nanómítà dára ju ti 395 lọ, torí ìmọ́lẹ̀ elésè àlùkò ti 395 ń bo ohun tí ẹ ń wá. Ẹ wọ awò polycarbonate tó ń dá ultraviolet dúró, ẹ má sì tan án sójú ọmọdé.