Àdúrà wa gbà, wọ́n wá ní àwọn máa gbé wa lọ kóòtù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi. Lánlọ́ọ̀dù wa fi owó kún owó ilé, ó tún ní ká kó jáde, àwa ayálégbé tá a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kan náà wá wọ inú àdúrà, a ṣe ìṣọ́ òru, a ka Sáàmù 109, èyí tí wọ́n fi ń gégùn-ún fún ọ̀tá, sí omi, a sì wọ́n omi náà yí ilé ká. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni bàbá onílé yìí ṣubú sí bálùwẹ̀, apá kan ara ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi ni mo jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run ti jà fún wa, ẹnì kan ká a sí fóònù, ó sì dé ọwọ́ àwọn ọmọ bàbá. Lọ́yà wọn ti kọ̀wé pé ká san owó ọsibítù, wọ́n tún ní àwọn máa fi ọlọ́pàá gbé wa. Ṣé òfin lè mú wa torí pé àdúrà wa gbà?
– Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí wọ́n mú èèyàn torí pé ó gbàdúrà tí àdúrà sì gbà. Kí kóòtù tó lè ní ẹ ṣe bàbá léṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun kan tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe ló gbé bàbá ṣubú. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ, irú ìrònú táwọn ọmọ bàbá ń rò nìyẹn, ṣùgbọ́n kóòtù kì í gbà á. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà tiẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, 1,802 aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, wọ́n ní kí àwọn onígbàgbọ́ gbàdúrà fún apá kan nínú wọn, èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ni pé kò sí àǹfààní tí wọ́n rí tọ́ka sí. Mo gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà o, ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan tí àwọn dókítà ò rí wọ̀n, lọ́yà yẹn ò lè kó o síwájú adájọ́.

Sáàmù 109 yìí kan náà ti dé kóòtù rí ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas. Gordon Klingenschmitt, tó ti ṣe àlùfáà fáwọn sójà orí omi Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ló fi í gbàdúrà lórí Mikey Weinstein, ọkùnrin tó ń jà pé kí wọ́n yé fi ẹ̀sìn ni àwọn sójà lára. Weinstein pè é lẹ́jọ́. Ẹ wò ó dáadáa, kò sọ pé Ọlọ́run ló bá òun jà, ohun tó sọ ni pé àdúrà yẹn ru àwọn èèyàn sókè sí òun, wọ́n wá ń halẹ̀ mọ́ òun. Ní 2012, Adájọ́ Martin Hoffman da ẹjọ́ náà nù, ó ní òun ò rí ohun tó so àdúrà yẹn mọ́ ìhàlẹ̀ náà.

Ní ti ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń lé oorun lójú yín. Abala 28 nínú Evidence Act 2011, ìyẹn òfin tó ń darí ẹ̀rí ní kóòtù, sọ pé ìjẹ́wọ́ ni kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbà pé òun lòun ṣe ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ẹ ò sọ pé ẹ ti bàbá, ẹ ò sọ pé ẹ fi nǹkan sóúnjẹ ẹ̀. Ọlọ́run lẹ ní ó ṣe é. Ìyẹn kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ pe bàbá ní oṣó nínú ẹ̀rí yẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, torí Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn, abala 210, ní ẹni tó bá fẹ̀sùn àjẹ́ kan èèyàn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura. Ẹ tún rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn gbọ́.

Omi yẹn ló wá kù, òun gan-an ló ń kọ mí lóminú jù. Níbo lẹ wọ́n ọn dé? Tó bá dé ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀, tí ilẹ̀ sì ń yọ̀, tí bàbá fi ẹsẹ̀ gbá a, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti Sáàmù, ó ti di pé ẹ da omi síbi téèyàn ń gbà kọjá. Lọ́yà tó bá gbọ́n, ibẹ̀ ló máa dì mú. Ẹ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún lọ́yà tiyín, ọjọ́ wo lẹ wọ́n ọn, ọjọ́ wo ni bàbá ṣubú, kí lẹ fi wọ́n ọn, ife ni àbí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan ní téṣàn. Abala 32 nínú Police Act 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ẹ gbé lẹ́tà yẹn lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council tí ẹ ò bá lówó lọ́yà, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí WhatsApp.

Èmi ò fara mọ́ ẹ̀rí yẹn o, Ìyá Ìbejì, mi ò ní fi bò. Èèyàn ò lè jẹun fúnra ẹ̀, ẹ wá ń patẹ́wọ́ lé e lórí. Owó ilé ni ìjà yín, kì í ṣe ẹ̀mí bàbá. Tí lọ́yà bá ti dáhùn lẹ́tà wọn, ẹ ní kí pásítọ̀ tẹ̀ lé yín lọ kí bàbá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ ò fẹ́ gbé ọmọ wọn lọ ọsibítù mọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìtọ̀ ṣúgà ni wọ́n ní ó ní. Wọ́n ní Ọlọ́run ti wò ó sàn, wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ dúró. Tí nǹkan bá ṣe é, ṣé òfin lè mú wọn?
– Kọ́lá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè mú wọn dáadáa. Ní 2008 ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọdún 11 kan kú, àìsàn yìí náà ni, àwọn òbí ẹ̀ ń gbàdúrà, wọn ò pe dókítà. Wọ́n dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ikú ọmọ, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 2013. Nílé níbí, abala 301 nínú Criminal Code ní olórí ilé gbọ́dọ̀ pèsè ohun tó ń gbé ẹ̀mí ró fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún 14. Ní 1997, ìyá kan ní Èkó ní wọn ò gbọdọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ òun lára nítorí ìgbàgbọ́ òun, dókítà gba àṣẹ kóòtù, ó fà á, ara ọmọ yá. Ìyá gbé ẹjọ́ dé Supreme Court, ó pàdánù ní 2019: àgbàlagbà lè kọ ìtọ́jú fún ara ẹ̀, kò lè kọ ọ́ fún ọmọ.

Kọ́lá, ẹ má dúró de ìwé ìròyìn yìí. Tí ọmọ yẹn bá ń mumi láìdábọ̀, tó ń tọ̀ ṣáá, tó ń bì, tó bá wá ń mí lókè-lókè, ẹ gbé e lọ ọsibítù lónìí, yálà ẹ̀gbọ́n yín gbà tàbí wọn ò gbà, ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ dúró.