Ṣé ẹni tó ti ronú pìwà dà tún ń ronú pìwà dà lójoojúmọ́?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: “Mo ti gba Jésù, mo ti ṣèrìbọmi. Kí ló dé tí ìjọ Áńgílíkàn tí mo bá ọkọ mi lọ fi ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́? Ṣé ìdáríjì àkọ́kọ́ ò tó ni?”

Ẹ kú ìbéèrè o. Ó tó. Jòhánù orí 13 ló là á yé wa jù. Jésù fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ Pétérù, Pétérù yarí. Nígbà tó máa gbà, ó ní kó kúkú wẹ ọwọ́ àti orí òun mọ́ ọn. Jésù ní ẹni tó ti wẹ̀ kò nílò ju kó ṣan ẹsẹ̀ lọ. Sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀ nígbà náà, ojú ọ̀nà sì kún fún eruku. Ẹ̀ẹ̀kan là ń ṣèrìbọmi. Ẹsẹ̀ ṣíṣàn, ìyẹn ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ni tojoojúmọ́. Ẹ wo Àdúrà Olúwa náà: bá a ṣe tọrọ oúnjẹ òòjọ́ tán, ìdáríjì gbèsè ló kàn.

Kì í ṣe àṣà tuntun. Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkàn ti ọdún 1552 ló fi ìjẹ́wọ́ gbogboogbò ṣíwájú àdúrà òwúrọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1662 sì fi í síwájú ti ìrọ̀lẹ́ náà. Àjàyí Crowther wà lára àwọn tó sọ ìwé ọ̀hún di Yorùbá. Kókó àkọ́kọ́ nínú kókó 95 tí Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ Àtúnṣe Ìjọ, kọ lọ́dún 1517 ni pé gbogbo ìgbé ayé onígbàgbọ́ ni Kristi fẹ́ kó jẹ́ ìrònúpìwàdà. Àwọn Kátólíìkì náà máa ń yẹ ọkàn wọn wò nínú àdúrà alẹ́.

Àmọ́ ibi tí mo ti ń bá àwa Áńgílíkàn jà ni pé a ti sọ ọ́ di àkọ́sórí. “A ti ṣẹ̀, a ti ṣìnà,” ká tó ṣe àmín, ọkàn ti wà nídìí ìkòkò. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kéèyàn tó sùn, kó mú ọjọ́ náà láti àárọ̀: mo sọ lórí fóònù pé mo ti dé Ọjọ́ta, balùwẹ̀ ni mo wà. Mo dá owó ọmọṣẹ́ dúró, owó sì wà lápò mi. Ẹ dárúkọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Èyí tó bá ṣeé tún ṣe, kílẹ̀ mọ́ ká tún un ṣe. Sákéù ò kàn sọ pé òun jẹ̀bi. Ó ní ẹni tí òun bá fi èrú gba nǹkan rẹ̀, òun á dá a padà nílọ̀po mẹ́rin. (Àwọn tó ń kó tiwọn jọ de ìsọjí alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ta ló fẹ́ rántí èébú tó bu kọ́ńdọ́ ọkọ̀ lóṣù Kẹta?)

Ẹ má sì jẹ́ kó di pé ẹ ń fi ẹ̀bi jẹ ara yín níyà. Nínú ìsìn òwúrọ̀ yẹn, bí ìjẹ́wọ́ bá ti parí, àlùfáà á kéde ìdáríjì, Àdúrà Olúwa á tẹ̀ lé e, kò sì ní pẹ́ tí ìjọ á fi dìde kọ Sáàmù 95, tó ní ká wá kọrin sí Olúwa. Ẹ bá wọn dìde.